Nígbà tí Ẹsẹ̀ Iwájú Katakata Kékeré Kò Bá Fà Mọ́: Bí A Ṣe Ń Tọpa Ibi tí Agbára ti Já

Katakata kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà lè máa ṣiṣẹ́ lọ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti dá iṣẹ́ dúró, kí ẹni tó ń wà á má sì fura rárá, nítorí pé lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó tẹ́jú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan tó láti gbé e lọ. Ọjọ́ tí ó bá wọ ẹrẹ̀, tàbí tí ó bá ń fi lóódà (garawa ńlá iwájú rẹ̀) kó yẹ̀pẹ̀, ni àṣírí yóò tú: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò máa yí lójú kan, ẹsẹ̀ iwájú yóò sì dúró bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ènìyàn lọ́kàn ni pé gíábọ́ọ̀sì ti bàjẹ́. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má tíì tú gíábọ́ọ̀sì, kí ẹ má sì tíì ra ẹ̀yà kankan, títí ẹ ó fi mọ ibi gan-an tí agbára ti já. Píìnì kékeré kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ lè fa àìfà yìí gẹ́gẹ́ bí gíà tó fọ́ nínú ásù iwájú (ọ̀pá tó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì) ṣe lè fà á, bẹ́ẹ̀ sì ni owó àti làálàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà jìnnà síra gidigidi.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré. Lára ọ̀pọ̀ katakata kékeré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì ń mú. Nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá wà nínú iṣẹ́, ó ń bá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbé ẹrù ìdádúró náà, nítorí pé gíà ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá ti dá ti ẹ̀yìn dúró, ẹ ti dá ti iwájú dúró pẹ̀lú. Bí ìsopọ̀ yìí bá já, tí ẹ sì gbé ẹrù kún lóódà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwúwo yóò ti lọ síwájú, ẹ̀yìn yóò ti fúyẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí bíréèkì mú yóò sì máa yọ̀ lórí ilẹ̀ nígbà tí katakata ń sáré lọ. Nítorí náà, títí tí àtúnṣe yóò fi parí, ẹ má ṣe fi í gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ níbikíbi tí ilẹ̀ bá ti dà.

Ọ̀nà tí agbára ń gbà dé ẹsẹ̀ iwájú

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yìí dáadáa ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Láti inú gíábọ́ọ̀sì, gíà kan tí ń sún síwá sẹ́yìn ni ó ń gba agbára nígbà tí ẹ bá fa ọ̀pá tí ń so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ iṣẹ́, èyí tí n ó máa pè ní ọ̀pá ìsopọ̀. Ọ̀pá yìí ń fa irin alámùúga kan nínú gíábọ́ọ̀sì, irin náà ni ó sì ń ti gíà yẹn wọlé tàbí jáde. Agbára á gba ibẹ̀ jáde sí ṣáàfù kúkúrú kan lábẹ́ katakata. Ṣáàfù kúkúrú náà ni kọ́pùlíńgì eléyín (irin tí ń so ṣáàfù méjì pọ̀) so mọ́ ṣáàfù gígùn tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pùròpẹ́là. Lára ọ̀pọ̀ katakata kékeré, páìpù kan ni ó bo pùròpẹ́là yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kọ́pùlíńgì mìíràn wà ní iwájú tí ó so ó mọ́ píníọ̀nù (gíà kékeré inú ásù), píníọ̀nù ń yí kíráùn (gíà ńlá tó ń bá a jẹ ara wọn), kíráùn ń yí dífúrẹ́ńṣà, dífúrẹ́ńṣà sì ń pín agbára sí ọ̀tún àti òsì. Ní ìkángun ásù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yà nígbà tí ẹ bá yí ìdarí, gíà onígun ń gbé agbára sọ̀ kalẹ̀, gíà ìkẹyìn sì ń fi í fún ẹsẹ̀ náà.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú àlàyé yìí, nítorí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Dífúrẹ́ńṣà lásán máa ń fi agbára ránṣẹ́ sí ibi tí ìdènà ti kéré jù. Bí ṣáàfù tàbí gíà ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan bá ṣẹ́, ìdènà kò sí ní òsì mọ́, gbogbo yíyí náà yóò sì parí síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí kò ní àbùkù kankan, kò ní fà rárá. Ẹsẹ̀ méjèèjì tí kò fà, nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan méjì ló bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò fà lóòótọ́

Ẹ wa katakata náà lọ sí orí yẹ̀pẹ̀ tó rọ̀, kí ẹ fi í sínú gíà tó lọ́ra jù, kí ẹ fa ọ̀pá ìsopọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rìn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹnìkan dúró ní ọ̀nà jíjìn ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ń wo ẹsẹ̀ iwájú. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ó kéré tán, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ iwájú gbọ́dọ̀ máa wa ilẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọ̀kan bá ń yí lójú kan tí èkejì dúró, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Bí dífúrẹ́ńṣà ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí táyà kan bá wà lórí ibi tó yọ̀ ju ti èkejì lọ. Àmì mìíràn tún wà: lórí koríko, ẹ yí ìdarí dé òpin nígbà tí ọ̀pá ìsopọ̀ wà níwọlé, kí ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ wá tú u sílẹ̀ kí ẹ tún rìn. Ẹsẹ̀ iwájú tó ń fà máa ń mú kí katakata ta ko ìyíkọ́nà náà, kí ó sì fi ojú táyà ha koríko. Bí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì, ẹsẹ̀ iwájú kò sí nínú iṣẹ́.

Ẹ fetí sílẹ̀ pẹ̀lú. Ariwo gbà-gbà-gbà tó ń dún nígbà tí ẹrù bá wúwo, tí ó sì dákẹ́ tí ẹ bá tú ọ̀pá ìsopọ̀ sílẹ̀, túmọ̀ sí pé eyín gíà tàbí eyín kọ́pùlíńgì ń fò lórí ara wọn. Ẹ dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Gíà tí eyín rẹ̀ méjì pá lónìí lè fi irin wẹ́wẹ́ ba bíárìn àti gíà mìíràn jẹ́ kí ó tó di ọ̀la.

Ọ̀pá ìsopọ̀ àti ohun tó ń fà

Ibí ni ó rọrùn jù láti yẹ̀ wò, kò sì gba irinṣẹ́ púpọ̀. Pa ẹ́ńjìnnì, fa bíréèkì ìdúró, kí o sì fi igi há ẹsẹ̀ ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Jẹ́ kí ẹnìkan máa fa ọ̀pá náà wọlé, kí ó máa tì í jáde, nígbà tí ìwọ ń wo irin tí ó ń fà lábẹ́ katakata. Irin náà gbọ́dọ̀ rìn ní gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá rìn, apá kékeré tó wọ inú gíábọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ yí láti ìkángun kan dé ìkejì. Bí ọ̀pá bá fúyẹ́ jù lọ́wọ́, tí ẹ kò gbúròó ibi tó ti ń wọlé, ó ṣeé ṣe kí píìnì tí ó so irin náà ti jábọ́, kí irin náà ti tẹ̀, tàbí kí bóòtù rẹ̀ ti tú. Bí apá kékeré náà bá ń yí dáadáa níta ṣùgbọ́n tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ nínú, nígbà náà ni a lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí irin alámùúga inú gíábọ́ọ̀sì.

Bí ọ̀pá bá ń fò jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá le, sipíríńgì àti bọ́ọ̀lù kékeré tó ń dá a dúró sí ipò rẹ̀ ti gbó, tàbí kí eyín gíà tí ń sún náà ti yípo létí. Bí ó bá sì kọ̀ láti wọlé, ẹ má ṣe fi agbára lù ú. Eyín méjèèjì lè máà kọjú síra ni. Ẹ tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, kí ẹ jẹ́ kí katakata sún síwájú díẹ̀, yóò sì wọlé. Èyí tó kọ̀ láti jáde sábà máa ń jẹ́ nítorí pé agbára ti di pọ̀ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́yìn ìrìn lórí ilẹ̀ líle. Ẹ rìn padà sẹ́yìn ní ìwọ̀nba díẹ̀, yóò sì tú.

Àwọn katakata mìíràn kò ní ọ̀pá rárá. Súwíìṣì ni awakọ̀ ń tẹ̀, iná á sì ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì láti so ẹsẹ̀ iwájú pọ̀ tàbí láti tú u. Ẹ yẹ fíúsì, súwíìṣì àti ibi tí wáyà ti so pọ̀ lábẹ́ katakata wò kí ẹ tó wo nǹkan mìíràn, nítorí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ àti omi ti ń bá wọn jà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá tan iná láìta ẹ́ńjìnnì, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ kí solenoid (ohun tí iná ń sún láti ṣí ọ̀nà ọ́ìlì) dún kẹ̀kẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ súwíìṣì. Ẹ gbọ́dọ̀ ka ìwé ìtọ́nisọ́nà katakata yín ní ibi yìí, torí pé àwọn kan wà tí sipíríńgì ni ó ń so ẹsẹ̀ iwájú pọ̀, tí iná àti ọ́ìlì sì ń tú u. Irú àwọn wọ̀nyí máa ń fà nígbà tí iná bá já, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń ṣe òdìkejì rẹ̀.

Gbígbé iwájú sókè

Ẹ sọ lóódà kalẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ásù iwájú katakata kékeré kò dúró gbagidi. Orí píìnì kan ṣoṣo láàárín ni ó jókòó lé, tí ó fi lè gbé apá kan sókè kí ó sì rẹ èkejì sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe rí. Nítorí náà, kí ẹ tó fi jáàkì gbé e, ẹ fi igi líle há àlàfo tó wà láàárín ásù àti férémù ní apá méjèèjì kí ó má baà yí lójijì. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e, kí ẹ sì gbé e lé sitáńdì irin tó lágbára lápá ọ̀tún àti òsì. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe ta ẹ́ńjìnnì kí ẹ sì fi í sínú gíà nígbà tí ẹsẹ̀ méjì péré bá wà lókè. Bí iwájú nìkan ni ẹ gbé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò ti katakata kúrò lórí sitáńdì. Bí ẹ̀yìn nìkan ni ẹ gbé, tí ẹsẹ̀ iwájú sì fà, òun náà yóò fà á já. Gbogbo ìdánwò tó tẹ̀ lé e yìí, ọwọ́ ni a ó fi ṣe é, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ti kú àti kọ́kọ́rọ́ tí a ti yọ.

Ìdánwò ọwọ́: pùròpẹ́là ni ààlà

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ láti pùròpẹ́là ni pé ó dúró ní àárín ọ̀nà. Ohun tí ó bá ṣe nígbà tí ẹ bá yí ẹsẹ̀ iwájú ni yóò sọ fún yín bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ ó kọjú sí tàbí iwájú rẹ̀. Ẹ tú ohun tó di páìpù ìbora náà mú, kí ẹ sún un sẹ́yìn tàbí síwájú títí ẹ ó fi rí kọ́pùlíńgì méjèèjì. Tí kọ́pùlíńgì kan bá ti yọ kúrò lórí ṣáàfù rẹ̀, ẹ ó rí i níbí lójú kòrókòró, ìwádìí ti parí nìyẹn.

Bí kò bá sí ohun tó hàn, ẹ tú ọ̀pá ìsopọ̀ sílẹ̀, kí ẹni méjì sì yí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Pùròpẹ́là gbọ́dọ̀ yí. Bí ó bá yí, ọ̀nà láti ẹsẹ̀ dé pùròpẹ́là kò já, ó kéré tán kò já fún agbára ọwọ́.

Ẹ wá fa ọ̀pá ìsopọ̀ wọlé, kí ẹ fi ọwọ́ sún pùròpẹ́là díẹ̀ títí eyín yóò fi wọlé síra. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wà nílẹ̀, igi sì há a, nítorí náà pùròpẹ́là gbọ́dọ̀ ti le báyìí, yàtọ̀ sí ìmì díẹ̀. Kí ẹni méjì náà tún gbìyànjú láti yí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò gbọ́dọ̀ lè ṣe é. Bí wọ́n bá yí i tí pùròpẹ́là sì bá wọn yí, ẹ̀yìn ni àbùkù wà: ẹ wo ṣáàfù kúkúrú tó ti inú gíábọ́ọ̀sì jáde. Bí ṣáàfù kúkúrú náà bá dúró nígbà tí pùròpẹ́là ń yí, kọ́pùlíńgì ẹ̀yìn ni. Bí òun náà bá ń yí, ìsopọ̀ inú gíábọ́ọ̀sì tàbí irin tí ọ̀pá ń fà ni. Bí ẹsẹ̀ bá yí ṣùgbọ́n tí pùròpẹ́là dúró gbọin, iwájú ni ẹ ó kọjú sí, ẹ sì gbọ́dọ̀ wo ṣáàfù píníọ̀nù tó wọ inú ásù: bí ó bá ń yí, kọ́pùlíńgì iwájú ni; bí kò bá yí, inú ásù ni.

Bí ó bá jẹ́ inú ásù, ẹ fi ọ̀pá ìsopọ̀ sílẹ̀ níwọlé, kí ẹ yí ẹsẹ̀ òsì nìkan síwájú. Pẹ̀lú dífúrẹ́ńṣà lásán, ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọ́dọ̀ yí sẹ́yìn. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò ṣẹ́, kíráùn àti píníọ̀nù ni ẹ ó sì fura sí. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún kò bá mì, ìdánwò yìí nìkan kò lè sọ ẹ̀gbẹ́ tó ṣẹ́, nítorí pé èsì kan náà ni ẹ ó rí yálà òsì ni ó ṣẹ́ tàbí ọ̀tún, kíráùn tó ti pá pàápàá sì lè mú irú èsì bẹ́ẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tú ẹ̀gbẹ́ tí kò ní àbùkù nítorí pé wọ́n dá ẹjọ́ níbí. Ọ́ìlì ni ẹlẹ́rìí tí ẹ ó pè. Ẹ tú ọ́ìlì ìkángun ọ̀tún, ti òsì àti ti àárín sínú àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó mọ́. Lẹ́búlẹ́bú irin dúdú díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì orí bóòtù ìtú-ọ́ìlì kì í ṣe nǹkan ẹ̀rù. Irin tí ẹ lè fi ìka mú, pàápàá èyí tó ní ìrísí eyín gíà, kò ní àlàyé méjì. Ọ́ìlì tó funfun bíi wàrà fi hàn pé omi ti wọlé, ó sì yẹ kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì (rọ́bà tí ń dí ojú ọ́ìlì) ibẹ̀ pẹ̀lú.

Àbùkù kan wà tí gbogbo ìdánwò ọwọ́ yìí kò ní mú: eyín tó ti jẹ dé ibi tí ó ń di agbára ọwọ́ mú, ṣùgbọ́n tí ó ń yọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá fà á. Fún irú èyí, ẹ sọ katakata kalẹ̀, kí ẹ fi ẹfun fa ìlà kan ṣoṣo tó gba orí ṣáàfù kúkúrú kọjá sórí kọ́pùlíńgì àti pùròpẹ́là, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní iwájú pẹ̀lú. Kí gbogbo ènìyàn kúrò nítòsí, nítorí pé ìbora kò sí lórí rẹ̀. Ẹ wà á lórí yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ ní gíà tó lọ́ra jù títí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò fi yọ̀ díẹ̀, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá wo ìlà náà. Ibi tí ìlà bá ti pín sí méjì ni eyín ti ń yọ̀. Bí ìlà bá wà bí ẹ ṣe fà á, tí ọ̀pá kò sì fò jáde, ẹ padà sórí ọ́ìlì ásù.

Àtúnṣe pùròpẹ́là àti kọ́pùlíńgì

Píìnì oníhò tó gba inú kọ́pùlíńgì kọjá ni ó ń dá a dúró lórí ṣáàfù lára ọ̀pọ̀ katakata. Lára àwọn mìíràn, rìǹgì irin ni. Nígbà tí píìnì bá ṣẹ́, kọ́pùlíńgì á máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bọ́ kúrò lórí eyín ṣáàfù. Ẹ lu àjẹkù píìnì náà jáde, kí ẹ nu eyín inú kọ́pùlíńgì àti ti ṣáàfù, kí ẹ sì wò wọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ tó dára. Eyín tó dára ní ojú tó tẹ́jú. Èyí tó ti gbó á mú ṣóńṣó lórí, tàbí kí ó ní ọ̀nà tó jẹ wọnú lápá kan. Bí kọ́pùlíńgì nìkan ni ó gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kọ́pùlíńgì tuntun lórí ṣáàfù tó ti gbó kì í pẹ́, ẹ ó sì tún padà wá sí abẹ́ katakata náà.

Ẹ fi gíríìsì pa eyín náà kí ẹ tó dá a padà, kí ẹ sì fi píìnì tuntun tó jẹ́ ìwọ̀n tí olùṣe katakata sọ sí i. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn fi bóòtù lásán rọ́pò píìnì, n kò sì fọwọ́ sí i rárá. Orí bóòtù àti nọ́ọ̀tì máa ń ha inú páìpù ìbora, bóòtù náà kì í kún ihò bí píìnì oníhò ti ń kún un, ìmì díẹ̀ yẹn ni yóò sì máa fẹ ihò ṣáàfù lójú títí ṣáàfù gan-an yóò fi di ohun tí a ń rà. Ẹ rí i pé rọ́bà àti ìdè ẹnu páìpù ìbora padà sípò, torí àwọn ni wọ́n ń dènà ẹrẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ inú ásù

Iṣẹ́ yìí wúwo jù, ẹni tí kò bá ní ìwé àtúnṣe katakata náà kò sì yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú gíà onígun, ẹ pààrọ̀ àwọn méjèèjì tó ń jẹ ara wọn pọ̀, kì í ṣe èyí tó fọ́ nìkan, nítorí eyín tuntun kò bá eyín tó ti gbó dọ́gba. Bákan náà ni kíráùn àti píníọ̀nù, tí wọ́n ń tà ní méjì-méjì. Ẹ yẹ bíárìn tó gbé wọn wò pẹ̀lú ojú tó le: ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bíárìn tó gbó ni ó jẹ́ kí gíà méjì jìnnà síra nígbà tí ẹrù bá dé, tí orí eyín nìkan fi ń gbé ohun tó yẹ kí gbogbo ara eyín gbé, títí eyín fi ṣẹ́. Ẹni tó bá pààrọ̀ gíà tí ó fi bíárìn náà sílẹ̀ ti pààrọ̀ ohun tí ìyà jẹ, ó sì fi ohun tó fi ìyà jẹ ẹ́ sílẹ̀.

Àwọn wáṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ bá yọ lẹ́yìn gíà tàbí bíárìn, ẹ tò wọ́n sọ́tọ̀ pẹ̀lú àmì ibi tí wọ́n ti wá. Àwọn ni wọ́n ń pinnu àlàfo tó wà láàárín eyín sí eyín, ìwé àtúnṣe yóò sì sọ ìwọ̀n tí àlàfo náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ fọ gbogbo inú àpótí gíà náà títí kò fi ní sí irin wẹ́wẹ́ kan níbẹ̀, títí kan inú ọ̀pá ásù tí irin lè sá pamọ́ sí. Ẹ fi ọ́ìlì síìlì tuntun sí i, kí ẹ fi sipánà tí ń wọn agbára ìdì di àwọn bóòtù, kí ẹ sì bu irú ọ́ìlì tí ìwé ìtọ́nisọ́nà sọ dé ojú ìwọ̀n. Ásù kan wà tí ọ́ìlì àárín rẹ̀ ń ṣàn dé ìkángun, òmíràn sì wà tí ìkángun kọ̀ọ̀kan ní ihò ìbu-ọ́ìlì tirẹ̀. Àṣìṣe nípa èyí ti pa ọ̀pọ̀ gíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn bíi wákàtí 10 iṣẹ́, ẹ tú ọ́ìlì náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tó fọ́ ọ

Ẹ̀yà irin tó lágbára kì í ṣàdédé ṣẹ́. Àwọn tó ṣe katakata mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ẹsẹ̀ iwájú fẹ́ sáré ju ti ẹ̀yìn lọ díẹ̀, tó sábà máa ń wà láàárín ìdá 1 sí 5 nínú 100, kí iwájú lè máa fa katakata dípò kí ẹ̀yìn máa tì í. Lórí yẹ̀pẹ̀, táyà iwájú ń yọ̀ díẹ̀ láti gba ìyàtọ̀ yẹn, kò sì sí wàhálà. Lórí ọ̀dà tàbí kọnkéré, táyà kò lè yọ̀, agbára á sì di pọ̀ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn títí ohun tó ṣe aláìlera jù yóò fi ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá ìsopọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà ní títú lórí ilẹ̀ líle, yàtọ̀ sí ìgbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ láti fi dá katakata dúró níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Táyà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ti àtilẹ̀wá mu máa ń ṣe irú ìpalára kan náà níbi gbogbo, lórí yẹ̀pẹ̀ pàápàá. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ táyà iwájú tàbí ti ẹ̀yìn nìkan láìpẹ́ kí àbùkù yìí tó dé, ẹ wọn ìyàtọ̀ náà kí ẹ tó dá katakata padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní afẹ́fẹ́ tí ìwé sọ, kí ẹ sàmì ẹfun sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn kan àti táyà iwájú kan, kí ẹ sì rìn tààrà lórí ilẹ̀ tó le díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìsopọ̀ ní títú, títí táyà ẹ̀yìn yóò fi yí ní ìgbà 10. Ẹ ka iye ìgbà tí ti iwájú yí, títí kan ìdá tó kù. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ọ̀pá níwọlé. Bí ti iwájú bá yí ní ìgbà 17 nígbà tí ọ̀pá wà ní títú, tí ó sì yí ní ìgbà 17 àti ààbọ̀ nígbà tí ó wà níwọlé, ìyàtọ̀ náà jẹ́ ààbọ̀ kan nínú 17, tí ó súnmọ́ ìdá 3 nínú 100, katakata yẹn sì wà dáadáa. Bí ó bá ju ìdá 5 lọ, táyà iwájú ti tóbi jù tàbí ti ẹ̀yìn ti gbó, gíà iwájú yóò sì máa gbé ẹrù tí kò yẹ kí ó gbé. Táyà iwájú tó kéré jù kì í mú ìyàtọ̀ náà pọ̀, ńṣe ni ó ń dín in kù.